Ọ̀kadà Tó Kọjá Lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí

Ládàánì kò tíì pe ìrun Àsùbáà ní àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn nígbà tí fóònù mi dún. N kò fẹ́ràn fóònù tó bá dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ẹni tí í pe ènìyàn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti bá a yọ̀. Bàbá Mùfú ni, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, láti Ìgbòho. Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi jí, ó béèrè omi, ó mu ún, kí òun sì tó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti lọ.

Ọmọ ìyá kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Ìyá Mùfú ni gbogbo ayé ń pè é, àfi èmi tí mo ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Òun ló pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa ń ṣe iṣẹ́ oko. Nígbà tó ń lọ sílé ọkọ ní Ìgbòho, ẹkún tí mo sun pọ̀ débi pé ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú mi dání. Mo gbé lọ́dọ̀ wọn di ìgbà tí bàbá wa wá mú mi padà sí ìdí òfì kí n wá kọ́ aṣọ híhun. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò ju ẹyọ kan lọ: kí n rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn.

Àwa mùsùlùmí kì í tọ́jú òkú pamọ́. Ẹni tó bá kú lóru, ọ̀sán ni a ń sin ín. Bàbá Mùfú ní òun ti bẹ lèmọ́mù, wọn yóò dúró dè mí di ẹ̀yìn ìrun Àìlà, bí ọ̀rọ̀ bá sì le, kó má kọjá ìrun Alásàrì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó jẹ òun lógún jù.

“Súlè, ìlú kọ̀ọ̀kan tí o bá dé, pè mí. Má fo ọ̀kan.”

Bí a ṣe ń rìn ní Òkè-Ògùn láyé ìsinsìnyí nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tó bá re àjò, ìgbà tó bá dé la óò gbúròó rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń já sí títì láti inú igbó, pàápàá lápá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí igbó ọba wà, arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ máa fi ohùn ránṣẹ́ sílé láti ìlú dé ìlú. Bí ìlú kan bá kọjá tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọdẹ kiri.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí n kò wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ tààrà sí Ìgbòho láti Ìsẹ́yìn kò pọ̀, èyí tó bá sì wà, kò ní ṣí títí yóò fi kún bámúbámú. Òkú kì í dúró de ọkọ̀ kó kún. Mo kírun, mo sì fa ọ̀kadà mi jáde.

Ọ̀kadà náà ti dàgbà. Ẹni tó ti lò ó gbó ni mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Irú tirẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì: bátìrì ló ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ẹ́ńjìnnì ló sì yẹ kó máa dá iná padà sínú bátìrì bó ṣe ń sáré. Tèmi a máa gbà, kì í dá padà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí iná iwájú rẹ̀ ti ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn, tí fèrè rẹ̀ sì ń dún bí àgbà tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Gbogbo ìtọ́jú tí mo ń ṣe fún un ni kí n gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù àti bátìrì, kó sùn síbẹ̀, kó jí pẹ̀lú agbára, kó sì tún rẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Gbogbo ẹni tó bá wò ó ló ń sọ pé bátìrì ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ náà. Ìyàwó mi fi gèlè rẹ̀ wé mi lọ́rùn. Ní Ìsẹ́yìn, kí oòrùn tó yọ lẹ óò ti máa gbọ́ tí àwọn ahunṣọ ń lu aṣọ lórí òfì, ó ń kọ gbá, gbá, gbá láti agbo ilé dé agbo ilé. Bí mo ṣe kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, ohùn yẹn kú, kò sì sí ohùn mìíràn mọ́ àfi ti ẹ́ńjìnnì mi. Wọ́n ti sun igbó lápá méjèèjì títì. Eérú ń fẹ́, iná ọ̀kadà mi sì ń pọ́n bí epo ṣe ń pọ́n, n kò rí ju ibi tí mo lè ju òkò dé lọ.

Títì náà dára títí mo fi sún mọ́ Òtù, lẹ́yìn náà ló di kòtò. Ẹní bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ títì là ń gùn, a kì í gun títì fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀kadà ti kọ́kọ́ pòfo lábẹ́ mi. Ó húkọ́, ó tún húkọ́, ó sì dákẹ́. Mo tì í dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó irin rẹ̀ síta. Ọkùnrin náà mú gílóòbù kékeré kan tó so mọ́ wáyà méjì, ó fi kan orí bátìrì, gílóòbù náà kò tàn ju ẹyinná tó ń kú lọ.

Ó ní bátìrì mi ti kú. Mo bi í pé ta ló pa á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ikú ogbó ni. Ó ní àlòkù kan tó kún fún iná, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, kò sì gba ẹ̀bẹ̀. Kò sí àyè fún mi láti máa ná ọjà. Bó ti ń dè é, mo pe Bàbá Mùfú, mo ní mo wà ní Òtù. Ó ní àwọn obìnrin ti ń gbé omi ìwẹ̀ kaná fún Ẹ̀gbọ́n. Mo ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, igba náírà ọ̀kan, ó tóbi ju ti Ìsẹ́yìn lọ, ṣùgbọ́n kò wù mí jẹ. Mo fi bébà wé e, mo so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà.

Bátìrì àlòkù náà gbé mi dáadáa. Oòrùn yọ, mo kọjá láàárín àwọn oko ẹ̀gẹ́ àti àwọn ebè iṣu tí wọ́n ti wú tán, mo sì dé Àgọ́-Àárẹ. Mo tún pè. Nígbà yẹn ni mo rí i pé iná inú fóònù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí n kò gba iná sí i lóru. Ìyẹn kò dà mí láàmú. Àwa tí ń gun ọ̀kadà, a máa ń fa wáyà kan jáde láti ara bátìrì fún fóònù. Mo fi í sí wáyà, mo sì ń lọ.

Kí n tó dé Ṣakí, ẹ́ńjìnnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Mo tẹ fèrè, fèrè kò dún, ó kàn kùn. Mo mọ̀ pé ohun tó ṣe mí ní Òtù tún ti dé. Mo rọra dúró lábẹ́ igi láìpa ẹ́ńjìnnì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba oúnjẹ lẹ́nu gbogbo ohun tó ń jẹ iná. Mo yọ wáyà iná iwájú. Mo yọ ti iná ẹ̀yìn. Ó wá ku fóònù. Fóònù tàbí púlọ́ọ̀gì, ọ̀kan nínú wọn ni yóò jẹ. Mo ro ó pé púlọ́ọ̀gì ló ń gbé mi lọ bá Ẹ̀gbọ́n, fóònù kò lè gbé mi dé ibì kankan. Mo fa fóònù yọ. Kò pẹ́ tó fi kú sínú àpò mi.

Mo gba àárín Ṣakí kọjá láìdúró. Ìlú tí àpáta yí ká ni, àwọn ọ̀kadà tí wọ́n di kẹ́ẹ̀gì epo mọ́ láti apá bodè ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn mẹkáníìkì sì pọ̀ níbẹ̀ ju ẹni tó ń ta iyọ̀ lọ. Ó yẹ kí n dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí n bá pa á, kò ní jí mọ́, oòrùn sì ti ń gòkè. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń sunkún, n kò sì ríran.

Ó gbé mi kọjá Ògbòòrò. Lẹ́yìn Ògbòòrò, kí a tó dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, níbi tí ilé kò sí, tí ènìyàn kì í sì í dúró, ni ó ti kú pátápátá.

Mo tì í. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, mo na ọwọ́. Awakọ̀ náà wò mí, ó sì tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀. N kò bínú sí i. Èmi náà kò ní dúró níbẹ̀ fún ẹni tí n kò mọ̀. Ìrun Àìlà ti ní láti kọjá ní Ìgbòho, òógùn sì bò mí, gèlè ìyàwó mi ti tutù lọ́rùn mi.

Ìgbà yẹn ni Fúlàní kan yọ láti inú koríko pẹ̀lú màlúù rẹ̀, ọ̀pá gbọọrọ ní èjìká. Kí n má purọ́, mo ti ń wo ibi tí n óò sá gbà. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, “Sannu.” Ìkíni Hausa ni, bí àwa ṣe ń wí pé ẹ kú o. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú sannu kan náà, nítorí n kò mọ òmíràn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sókè, ó ní, “Ruwa?” Omi ni wọ́n ń pè ní ruwa. Mo mu ún. Sámbò lorúkọ rẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá wa tó èyí tí a fi lè bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ló kú, pé wọ́n ń dúró dè mí ní Ìgbòho kí wọ́n tó sin ín. Ó sọ gbólóhùn Lárúbáwá tí gbogbo wa ń sọ bí a bá gbọ́ ikú, pé ti Ọlọ́run ni wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó sì padà sí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ẹ̀rù tó ń bà mí dín kù.

Ó yọ fóònù rẹ̀ fún mi. Mo gbà á, mo tẹ òdo, ọwọ́ mi sì dúró sójú kan. Èmi tí mo lè wo ìró aṣọ kí n mọ iye fọ́nrán òwú tó wọ inú rẹ̀, n kò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sórí àfi tèmi. Inú fóònù tó ti kú ni gbogbo wọn wà. A gbìyànjú láti fi síìmù tèmi sínú tirẹ̀, kò wọ̀ ọ́, tèmi kéré jù. Mo kàn tẹ nọ́ńbà ara mi ṣáá. Obìnrin inú fóònù sì sọ fún mi pé wọn kò rí mi.

Sámbò ní kí a kúrò lójú títì, pé ibẹ̀ kò dára. A ti ọ̀kadà wọ inú igbó díẹ̀, sí abẹ́ igi ẹ̀mí ńlá kan, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Mo jókòó ti ọ̀kadà, mo sì ń wò ó. Bátìrì méjì ti kú mọ́ ọn nínú. Ọ̀rọ̀ tí mo bi mẹkáníìkì Òtù tún wá sí mi lọ́kàn: ta ló pa wọ́n? Ní ìdí òfì, bí aṣọ bá ní àléébù, a kì í bá aṣọ jà. A ó tọ òwú náà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi débi tó ti já. Bátìrì ni aṣọ. Inú ẹ́ńjìnnì ni òwú ti ń bọ̀.

Mo yọ gílóòbù kékeré kan lára tràfíkétọ̀, mo sì gé wáyà méjì láti fi so ó, bí mo ṣe rí i ní Òtù. Wáyà mẹ́ta tó pọ́n bí òbúró ló jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, níbi tí kọ́ìlì tó ń ṣe iná wà. Wọ́n lọ sábẹ́ ìjókòó, sínú irin kan tó ní ìlà-ìlà tí a ń pè ní rẹtifáyà, òun ló ń tún iná náà ṣe kó tó wọ bátìrì. Mo ní kí Sámbò máa fẹsẹ̀ ta ọ̀kadà náà. Mo fi gílóòbù kan ara àwọn wáyà náà nítòsí ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe ta á, gílóòbù ṣẹ́jú. Ó tún ta á, ó tún ṣẹ́jú. Kọ́ìlì kò kú. Mo sún síwájú, sí ẹnu rẹtifáyà. Ó ta á, kò sí nǹkan kan. Ó ta á títí ó fi ń mí hẹlẹ, gílóòbù kò mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣe wàhálà.

Láàárín ibi tí iná wà àti ibi tí iná kò sí, ike kékeré kan ni mo bá tó so wáyà pọ̀ mọ́ra. Mo fà á yà. Inú rẹ̀ ti jóná, ó ti yọ́, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ohun tó pa bátìrì mi nìyẹn, tó pa fóònù mi, tó fi mí sínú igbó: ike tí kò tó àtàǹpàkò.

Mo ti gé ike náà sọnù, mo ti ń lọ́ wáyà kìíní mọ́ ẹnì kejì rẹ̀, nígbà tí a gbọ́ ìró ọ̀kadà láti apá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Eré burúkú ló ń sá. Sámbò na ọrùn wo títì, ó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dojú bolẹ̀ nínú koríko. N kò bi í ní nǹkan kan. Èmi náà dojú bolẹ̀, mo sì fa ọ̀kadà mi dùbúlẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo gbọ́ tí ọ̀kadà náà sún mọ́ wa, mo gbọ́ tó dẹ eré, bí ẹni tó ń wo etí ọ̀nà. Ó dúró díẹ̀. Mo ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ó tún ki eré mọ́lẹ̀, ó sì lọ sí apá Ògbòòrò.

“Ọdẹ ni,” Sámbò wí nígbà tó jókòó. “Ìbọn wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá rí èmi àti ìwọ nínú igbó, èmi ló máa yìnbọn fún.”

Mo ní èmi rò pé ajínigbé ni. Ó wò mí, ó sì yí ojú padà sọ́dọ̀ màlúù rẹ̀.

Mo lọ́ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo sì fi rọ́bà táyà dè wọ́n. A ti ọ̀kadà padà sí títì, Sámbò tì mí sáré níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo sì jù ú sí jíà. Ó gbìnàyá. Mo tẹ fèrè, fèrè ké tó fi dẹ́rù ba màlúù. Mo fún Sámbò ní àkàrà tó wà lọ́wọ́ ọ̀kadà, nítorí kò gba owó, a sì dágbére. Mo fi fóònù padà sí wáyà, mo sì sáré.

Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí fi igi dí títì. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wo ọ̀kadà mi, ó wo ojú mi, ó bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo ní Ìsẹ́yìn.

“Ṣé ìwọ ni Súlè?”

Mo ní èmi ni.

“Wọ́n ní wọ́n ti gbé ọ. Àna rẹ kọjá níbí lórí ọ̀kadà, ìbọn lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wá ọ. A ní kó dúró kí a kó ara wa jọ, ó kọ̀, ó ní ọmọ òun ni ọ́. O ò pàdé rẹ̀ ni?”

Gbogbo ara mi ló mọ ìdáhùn náà kí ẹnu mi tó mọ̀ ọ́n. Èmi kò pè láti Ṣakí, èmi kò pè láti Ògbòòrò, wọ́n sì ti ka ìlú méjì tí ohùn mi kò dé. Ọkùnrin tó fi òkú ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ wá mi ni mo dojú bolẹ̀ fún. Wọ́n pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo dúró lórí ọ̀kadà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí ilẹ̀. Bí mo bá yí padà, n kò mọ ibi tó ti dé. Bí mo bá ń lọ, n óò rí Ẹ̀gbọ́n. Àgbà ọdẹ náà ní àwọn yóò rán ẹnì kan tẹ̀lé e. Mo dúpẹ́, mo sì kọjú sí Ìgbòho. Ohun tí mo yàn nìyẹn, n kò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Fóònù mi jí sínú àpò mi lójú ọ̀nà, ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, bí ìpè gbogbo tí wọ́n ti pè mí ṣe ń wọlé. Mo mọ ẹni tó pè. N kò yọ ọ́ wò.

Wọ́n ti kírun Alásàrì tán nígbà tí mo dé. Ìyá wa, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú, jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì ti kọ̀ jálẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé òkú náà. Ó ní òun kò ní sin ọ̀kan nígbà tí òun kò mọ ibi tí èkejì wà. Nígbà tó rí mi, ó fọwọ́ pa mí lójú, ó pa mí lórí, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo pé. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ọkọ ọmọ òun dà.

Wọ́n mú mi wọ yàrá. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀ dè mí. Mo rí i. Ohun tí mo torí rẹ̀ jáde nílé, mo rí i, kò sì dùn mọ́ mi bí mo ṣe rò.

Ìyá wa ní kí a dúró de ọkọ. Lèmọ́mù ní òun ti dúró ju bó ṣe yẹ lọ, oòrùn ti ń lọ, a kì í sin òkú bó bá ti ń wọ̀. Mùfú, tó ti di géńdé, ń pe bàbá rẹ̀ léraléra, kò lọ. Nígbẹ̀yìn, a gbé e. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà sí. Ọkọ ló yẹ kó wọ inú sàréè láti gba ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà lókè. Èmi àti Mùfú la wọ̀ ọ́. Mo gbà á sọ́wọ́. Òun tó pọ̀n mí, kò wúwo rárá.

Oòrùn ti wọ̀ nígbà tí Bàbá Mùfú dé. Ó rí ọ̀kadà mi lára ògiri, ó sì dúró wò ó. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ara rẹ le?” ó bi mí.

Mo ní ara mi le. Ó ní alhamdulillahi. Ó gbé ìbọn rẹ̀ ti ògiri, ó sì lọ sí ẹ̀yìn ilé láìbéèrè ọ̀nà. Nígbà tí mo tẹ̀ lé e débẹ̀, ó dúró ti yẹ̀pẹ̀ tútù náà, ó ń wo apá ọ̀tún, ó ń wo apá òsì, bí ẹni tó ṣìnà.

“Ibo lorí rẹ̀ wà?”

Mo fi hàn án. Ó lóṣòó sí apá ibẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e.

Ó ní òun rí ipa táyà kan tó yà wọ igbó, lápá igi ẹ̀mí kan. Ó ní òun mọ̀ pé ibẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ni, ẹ̀rù sì ba òun. Ó lọ kó àwọn ọdẹ Ògbòòrò, nígbà tí wọ́n sì padà débẹ̀, bébà àkàrà ni wọ́n bá, wọ́n sì ń wá inú igbó kiri títí ẹni tí wọ́n rán láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí fi bá wọn.

“Èmi ni mo wà níbẹ̀, Bàbá,” mo wí. “Mo gbọ́ yín. Mo sá pamọ́.”

“O ṣe dáadáa,” ó wí. “Bó bá jẹ́ àwọn ajínigbé ńkọ́?”

Ì bá bú mi, ì bá sàn. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohùn kékeré pé ṣé mo rí ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán. Mo ní mo rí i. Ó ní báwo ló ṣe rí. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un, bí wọ́n ṣe wé aṣọ náà, bí ètè rẹ̀ ṣe pàdé, bí tìróò àná ṣe ṣẹ́kù sí i ní ìpéǹpéjú. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lórí yẹ̀pẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni mo padà sí Ìsẹ́yìn. Ọ̀kadà náà kò húkọ́ lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná iwájú rẹ̀ tí mo ti so padà funfun báláú, ó ń tàn lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí mo dé ibi igi ẹ̀mí, mo dẹ eré. N kò rí Sámbò. Koríko tí a dùbúlẹ̀ lé ti dìde padà.

Ìyàwó mi gba àpò lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní fèrè ọ̀kadà ti dára, òun gbọ́ ọ láti ìdí òfì. Mo ní bátìrì kọ́ ló ń ṣe é látìgbà náà. Àwọn tó ń béèrè ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi, èyí ni mo ń sọ fún wọn: ẹ tọ wáyà sẹ́yìn kí ẹ tó ra bátìrì, ẹ sì há nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín sórí. Mo ti há ti Bàbá Mùfú. Mo lè kà á síwájú, mo lè kà á sẹ́yìn. N kò tíì lè pè é.